Eegun Ti So, Ó Ku Kí Ẹsẹ̀ Rìn

Fóìsì nóòtì mẹ́fà tí onífísíò wa ṣe fún ẹgbẹ́. A kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí kò ráàyè gbọ́ ọ àti àwọn tí dátà wọn kò gbé e.

Fóìsì 1

Alága ní kí n bá wa sọ̀rọ̀ lórí ara tó fara pa àti bó ṣe ń padà sípò, torí iṣẹ́ físíò ni mo kọ́, òun náà ni mò ń ṣe jẹun. Bí ẹ bá ń gbọ́ ariwo, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ni, ẹ má bínú.

Ẹ wò ó, ẹni mẹ́ta la ti dáwó fún nínú ẹgbẹ́ yìí láìpẹ́ yìí. Ẹni tí àga kúṣìn bọ́ lù lẹ́sẹ̀ nígbà tí wọ́n ń já ẹrù, ẹni tí ọ̀kadà gbá níbi tó ti ń dá títì Nyanya kọjá, àti màmá wa tó yọ̀ ṣubú níwájú ṣọ́ọ̀bù, tó fi ọwọ́ gbé ara. A dáwó, owó ọ́síbítù pé, wọ́n dì í, wọ́n tú u. Gbogbo wa sọ pé a dúpẹ́, ó parí. Ṣùgbọ́n nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹnì kan ṣoṣo ló ti padà sẹ́nu iṣẹ́ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Àwọn méjì tó kù, eegun wọn ti so. X-ray fi hàn pé ó ti so. Síbẹ̀ ọ̀kan ń tiro, èkejì kò lè fún aṣọ tó bá fọ̀. Ohun tó fà á ni mo fẹ́ ṣàlàyé, torí ó ṣe é yẹra fún.

Ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ ọwọ́ wa ṣàlàyé. Bí káfíńtà bá fi góòmù lẹ igi méjì pọ̀, á fi kíláǹbù dè é títí góòmù á fi gbẹ. POP, símẹ́ǹtì funfun tí wọ́n ń dì mọ́ ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ yẹn, kíláǹbù ni. Irin tí dókítà ń fi sínú eegun, kíláǹbù náà ni. Kíláǹbù kọ́ ló ń lẹ igi. Ara fúnra rẹ̀ ló ń po góòmù tirẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ á kọ́kọ́ dì yí ojú ibi tó ṣẹ́ ká. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, eegun rírọ̀ á bo ibẹ̀. Lẹ́yìn náà èyí tó rọ̀ yẹn á máa le díẹ̀díẹ̀. Ọrùn ọwọ́ àgbàlagbà sábà máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ojúgun, eegun iwájú ẹsẹ̀ yìí, lè gba oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti ọmọdé máa ń yá ju ti àgbà lọ. Ẹni tó ń mu sìgá, tirẹ̀ máa ń pẹ́. Ẹni tí àtọ̀gbẹ ń bá jà, tirẹ̀ náà máa ń pẹ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe eegun nìkan ló wà lábẹ́ POP. Oríkèé wà níbẹ̀, iṣan wà níbẹ̀. Oríkèé, hínjì ilẹ̀kùn ni. Ẹ ti ilẹ̀kùn pa ní oṣù mẹ́ta láìṣí i, kẹ́ ẹ wá wò ó bó ṣe máa dún. Iṣan ní tirẹ̀, bí kò bá ṣiṣẹ́, gbígbẹ ló ń gbẹ, ọ̀sẹ̀ kìíní àti ìkejì gan-an ló sì máa ń pàdánù agbára kíákíá jù. Ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ fi máa ń tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìgbálẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá tú POP, awọ rẹ̀ á máa họ, á ṣókùnkùn. Mo ti gbọ́ ọ tí wọ́n ń sọ pé ayé ti fọwọ́ sí i. Ayé kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, jàre. Ẹsẹ̀ tí a kò lò ni.

Nítorí náà, lọ́jọ́ tí wọ́n bá tú POP, ìdajì iṣẹ́ ló tán. Igi ti lẹ̀, ṣùgbọ́n hínjì ti dógùn-ún.

Fóìsì 2

Kí n tó dé ibi físíò, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ nípa wákàtí àkọ́kọ́, torí ohun tí wọ́n bá bàjẹ́ níbẹ̀, èmi náà kì í lè tún un ṣe tán.

Bí ènìyàn bá já bọ́ látorí ọkọ̀ igi tàbí látorí àkàbà, tó ń sọ pé ẹ̀yìn tàbí ọrùn ń dun òun, tàbí pé òun kò mọ ẹsẹ̀ òun lára mọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbá a mú lápá, gbá a mú lẹ́sẹ̀, kẹ́ ẹ wá ká a sínú kẹ̀kẹ́ Nápẹ̀pù. Okùn kan wà nínú ihò eegun ẹ̀yìn, òun ló ń gbé iṣẹ́ láti inú ọpọlọ dé ẹsẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí eegun ṣẹ́ kí okùn yẹn má tíì já. Ìgbé tí ẹ gbé e ló lè já a. Kò sì sí ọjà tó ní pátákó tó tiwa. Ẹ wá píláìwúùdù tó gùn ju ẹni náà lọ. Kí ẹnì kan di orí rẹ̀ mú kó má yí, kí àwọn mẹ́ta tàbí mẹ́rin yí i lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni ń yí ìtì igi, kí ẹlòmíì ti pátákó bọ abẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ sì dá a padà sórí rẹ̀. Ọkọ̀ tí ènìyàn lè nà gbalaja sínú rẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi gbé e, bíi bọ́ọ̀sì tí a fi ń kó àga. Nọ́mbà pàjáwìrì ni 112, ti àwọn Road Safety sì ni 122. Ẹ fi méjèèjì sínú fóònù yín lónìí.

Bó bá jẹ́ ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ ló ṣẹ́, ẹ má fà á pé kó lè tọ́. Bó ṣe wà ni kẹ́ ẹ fi pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì há a. Kí pátákó náà kọjá oríkèé tó wà lókè àti èyí tó wà nísàlẹ̀ ibi tó ṣẹ́. Fóòmù tí ẹ gé kù nílẹ̀ ni kẹ́ ẹ tẹ́ sínú rẹ̀. Aṣọ ni kẹ́ ẹ fi dì í, kì í ṣe wáyà, kó má sì le jù. Ẹ yọ òrùka, aago àti bàtà kó tó wú. Bí ojú ọgbẹ́ bá là, aṣọ mímọ́ ni kẹ́ ẹ fi bò ó. Ẹ má da kẹrosíìnì sí i, ẹ má fi epo ẹ́ńjìnnì pa á, kí wọ́n sì bèèrè abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì lọ́wọ́ dókítà. Ẹ má tíì fún un ní oúnjẹ, torí bó bá jẹ́ pé iṣẹ́ abẹ ló kàn, inú òfìfo ni wọ́n ń fẹ́.

Wọ́n lè sọ fún yín ní géètì pé kẹ́ ẹ mú owó wá ná. Òfin National Health Act ti ọdún 2014 sọ ọ́ kedere pé ọ́síbítù kankan kò gbọdọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni. Ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ rán wọn létí. Ẹ má bá wọn jà, torí ọwọ́ wọn náà lẹ̀ ń wò.

Fóìsì 3

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo mọ̀ pé yóò fa àríyànjiyàn. Bí eegun bá ṣẹ́ ní Kugbo, ohùn àkọ́kọ́ tí ẹ máa gbọ́ ni pé, "Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sílé." Wọ́n á gbé e sínú ọkọ̀, ó di Lọ́kọ́ja, ó di Ogbómọ̀ṣọ́ tàbí Ọ̀fà, gbogbo kòtò ojú ọ̀nà á sì máa mi eegun tó ṣẹ́. Èmi kò bú àwọn bàbá tó ń to eegun. Ìdílé kan lè ti máa to eegun láti ìran dé ìran, eegun tí wọ́n sì to tó so dáadáa pọ̀. Ẹni tó bá ní wọn kò mọ nǹkan kan, kò sọ òótọ́.

Ibi tí ewu wà ni dídì. Bí wọ́n bá fi pẹlẹbẹ ọparun àti aṣọ dì í le, tí ẹsẹ̀ sì ń wú nínú ìdì yẹn, ẹ̀jẹ̀ kò ní lè kọjá mọ́. Iṣan tí ẹ̀jẹ̀ kò dé máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í kú láàárín nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà. Ẹsẹ̀ tó ṣẹ́ níbì kan ṣoṣo, tí kò bá tiẹ̀ sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án ìbá so fúnra rẹ̀, ó lè di èyí tí wọ́n á gé. Ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ àti ọwọ́ ọmọdé ni wọ́n ti gé nílẹ̀ wa nítorí ìdì tó le jù. POP tí ọ́síbítù ṣe náà lè le jù o, kì í ṣe ti ilé nìkan.

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó ti aláìsàn, ohun tí ẹ máa wò rèé, pàápàá láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́. Ṣé ìrora náà ń pọ̀ sí i bó tiẹ̀ dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, tí oògùn kò ràn án? Bí ẹ bá fọwọ́ na ọmọ ìka rẹ̀, ṣé ó ń pariwo? Ṣé ìka tutù, ó funfun tàbí ó dúdú, ó kú tipiri? Ẹ tẹ èékánná rẹ̀ kó funfun, kẹ́ ẹ sì fi í sílẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì, ó yẹ kí àwọ̀ rẹ̀ padà. Bí kò bá padà, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́. Bó bá jẹ́ aṣọ ni wọ́n fi dì í, ẹ tú u. Bó bá jẹ́ POP, ẹ sáré gbé e padà kí wọ́n là á. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìrora ni oògùn fi ń ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Ṣẹ́ ẹ mọ̀ pé láyé àtijọ́, àwọn kan lára àwọn tó ń to eegun máa ń ṣẹ́ adìyẹ lẹ́sẹ̀, wọ́n á di ẹsẹ̀ adìyẹ bí wọ́n ṣe di ti aláìsàn, wọ́n á ní lọ́jọ́ tí adìyẹ bá rìn ni aláìsàn máa rìn? Mi ò mọ ohun tí adìyẹ ṣẹ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo fẹ́ràn nínú rẹ̀. Adìyẹ kì í sùn sórí bẹ́ẹ̀dì fún oṣù mẹ́rin. Kò sẹ́ni tó ń gbé oúnjẹ lọ bá a. Bí ẹsẹ̀ bá ti lè kan ilẹ̀ díẹ̀, á máa tiro wá oúnjẹ rẹ̀. Àwa ènìyàn ni aya wa, ọmọ wa àti ìyá wa máa ń sọ fún pé, "Má dìde, má fọwọ́ kan nǹkan kan."

Àwọn kan sì rò pé nǹkan òyìnbó tó dé lánàá ni físíò. Ìgbòbí tí gbogbo wa mọ̀ l'Ékòó, ibùdó tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn sójà tó gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì ni, ọdún 1945 ni ó di ọ́síbítù. Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní físíò láti gboyè ní ọdún 1966. Ohun tí wọ́n fẹ́ lọ́wọ́ sójà yẹn kọjá kí eegun rẹ̀ so. Wọ́n fẹ́ kó rìn, kó rí iṣẹ́ ṣe.

Fóìsì 4

Ó ti dé ibi iṣẹ́ gan-an. Ẹ mú bírò.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí POP ṣì wà lára. Gbogbo oríkèé tí POP kò bò, ẹ máa lò ó. Bó bá jẹ́ ọrùn ọwọ́ ni wọ́n dì, èjìká àti ìgúnpá kò ṣẹ̀ ẹ́, ẹ máa gbé apá sókè kọjá orí lójoojúmọ́, ẹ máa pa ọmọ ìka dé, kẹ́ ẹ máa ṣí i. Màmá wa tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ló ṣẹ́, ṣùgbọ́n èjìká ló ń dà á láàmú báyìí, torí ó fi ọwọ́ kọ́rùn fún oṣù méjì láìsọ ọ́ kalẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ni wọ́n dì, ẹ máa ju ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ẹ na ẹsẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ tẹ ẹ̀yìn orúnkún mọ́ bẹ́ẹ̀dì kí iṣan itan le, ẹ ka 5, ẹ dẹ̀ ẹ́. Ìgbà mẹ́wàá, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Kò gba owó, kò gba àyè.

Ẹni tó ń lo kírọ́ọ̀ṣì, àtẹ́lẹwọ́ ni kó fi gbé ara, kì í ṣe abíyá. Bí ẹ bá fi abíyá rọ̀ mọ́ ọn, ẹ ó tẹ iṣan tó ń lọ sí ọwọ́, ọwọ́ á máa kú. Tí ẹ bá fẹ́ gun àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ tó le ló ń ṣáájú gòkè, tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, èyí tó ń dunni ló ń ṣáájú. Nígbà tí ẹ bá sì ti bọ́ sórí ọ̀pá kan ṣoṣo, ọwọ́ òdì-kejì ẹsẹ̀ tó ń dùn ni kẹ́ ẹ fi mú un. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ń dùn, ọwọ́ òsì ló mú ọ̀pá. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ènìyàn tí mo ń rí lójú títì wa ló ń mú un sódì.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá tú POP, ẹ bi dókítà ní ìbéèrè kan kẹ́ ẹ tó kúrò níwájú rẹ̀: "Báwo ni kí n ṣe máa gbé ara lé e?" Bóyá kí ó kàn fọwọ́ kan ilẹ̀ ni, bóyá ìdajì ara, bóyá gbogbo rẹ̀. Ìdáhùn yẹn ni gbogbo ohun tí a máa ṣe dúró lé.

Tí wọ́n bá ti gbà yín láyè, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọrùn ẹsẹ̀. Ẹ jókòó, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀, kẹ́ ẹ fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ kọ A, B, D, E, Ẹ sínú afẹ́fẹ́ títí dé Y. Bí ẹ bá ti kọ gbogbo rẹ̀ tán, kò sí ibi tí hínjì yẹn kò yí dé. Ẹ wá fi aṣọ ìnura kọ́ àtẹ́lẹsẹ̀, ẹ fà á sọ́dọ̀ ara yín, ẹ ka 30. Yóò dùn bí ìgbà tí nǹkan ń nà, kò gbọdọ̀ dùn bí ìgbà tí ọ̀bẹ ń gún ni.

Lẹ́yìn náà, jíjókòó dìde. Àga kò wọ́n wa, àbí? Ẹ mú àga tó ga díẹ̀, ẹ jókòó, ẹ dìde láìfi ọwọ́ tẹ nǹkan, ìgbà mẹ́wàá. Bó bá rọrùn, ẹ mú èyí tó rẹlẹ̀ sí i. Ẹ di tábìlì iṣẹ́ mú, ẹ fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ dúró, ẹ rọra sọ gìgísẹ̀ kalẹ̀. Ẹ fi ẹsẹ̀ tó ṣẹ́ nìkan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ẹ ka iye ìṣẹ́jú àáyá tí ẹ lè dúró kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ẹ kọ iye rẹ̀ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù. Oníṣòwò fẹ́ràn ìwé ìṣirò, ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ náà ní tirẹ̀.

Ti ọwọ́, ẹ gbé ìgúnpá lé orí tábìlì, ẹ mú ṣíbí ńlá lọ́wọ́, ẹ yí àtẹ́lẹwọ́ sókè, ẹ yí i sísàlẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, ẹ fi òòlù kékeré rọ́pò ṣíbí. Ẹ máa fún aṣọ tútù. Ẹ máa fún búlọ́ọ̀kù fóòmù kékeré ní ọwọ́ bí ẹ ti ń dúró de oníbàárà.

Báwo ni ẹ ṣe máa mọ̀ bí ẹ bá ti ṣe é jù? Ẹ má fi ìrora ojú ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n nìkan. Ẹ wo òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Bó bá dùn díẹ̀ lákòókò tí ẹ ń ṣe é, tó sì lọ kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ ń ṣe dáadáa, ẹ máa bá a lọ. Bó bá wú sí i, tó ṣì ń dùn ju ti àná lọ nígbà tí ẹ jí, ẹ dín in kù sí ìdajì, ẹ má dá a dúró. Àwọn ènìyàn wa, bó bá ti dùn wọ́n lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á dúró oṣù kan. Oṣù kan yẹn ni ìpẹtà ń wọlé.

Ohun tó yẹ kó lé yín lọ sí ọ́síbítù lọ́jọ́ náà gan-an: bí iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀ kan bá wú lójijì, tó gbóná, tó ń dùn, tàbí tí èémí bá ń ká yín kò, tí àyà ń dùn. Ẹ̀jẹ̀ lè ti dì sínú iṣọ̀n. Ẹ má wọ́ ọ, ẹ má fi físíò sí i, ẹ lọ.

Fóìsì 5

Ẹ ṣeun, mo ti rí àwọn ìbéèrè yín.

Ẹnì kan béèrè nípa róòbù àti wíwọ́. Fún ẹsẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ́ tàbí ara tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá nǹkan, ẹ má wọ́ ọ fún ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ẹ má sì fi omi gbígbóná jó o. Ẹ̀jẹ̀ ṣì ń jò lábẹ́ awọ níbẹ̀, ooru àti wíwọ́ á jẹ́ kó máa jò sí i. Píọ̀ wọ́tà tó dì ni kẹ́ ẹ wá. Ẹ fi aṣọ wé e, kẹ́ ẹ gbé e lé e fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, lẹ́yìn wákàtí méjì tàbí mẹ́ta ẹ tún gbé e lé e. Ẹ gbé ẹsẹ̀ ga ju àyà lọ. Nígbà tí wíwú bá ti lọ, ẹ lè fi nǹkan lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i bó bá wù yín. Ìgúnpá ni mo bẹ̀ yín fún jù lọ. Ìgúnpá tó ṣẹ́ tàbí tó yẹ̀, tó wá gan, bí ẹnì kan bá ń fi agbára nà án tó sì ń wọ́ ọ, eegun lè hù sínú iṣan ibẹ̀, ó sì lè má nà dáadáa mọ́ láìṣe iṣẹ́ abẹ.

Ẹ̀gbọ́n wa kan ní òun ń gba abẹ́rẹ́ diclofenac lọ́dọ̀ onígbóògùn ní gbogbo ọ̀sẹ̀ láti fi gbé ẹrù. Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ yín, mo mọ̀ pé bí ẹ kò bá gbé ẹrù, ilé kò ní jẹun. Ṣùgbọ́n diclofenac àti ibuprofen, bí a bá ń lò wọ́n lọ títí, wọ́n ń dá ọgbẹ́ sínú ikùn, wọ́n ń ba kíndìnrín jẹ́, wọ́n sì ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè. Ẹni tó bá ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ọgbẹ́ inú, kó má fọwọ́ kàn án láìbi dókítà. Abẹ́rẹ́ náà ní ewu tirẹ̀. Iṣan ńlá kan gba inú ìdí kọjá lọ sí ẹsẹ̀. Bí ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ bá gún un lára, ẹsẹ̀ lè máa wọ́ nílẹ̀ láti ọjọ́ náà lọ. Mo ti tọ́jú ọmọdé tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí.

Oúnjẹ ńkọ́? Kò sí oúnjẹ kan tó ń so eegun bí idán. Ẹ̀wà, ẹyin, ẹja àti ẹran ló ń kọ́ iṣan padà. Ẹja wẹẹrẹ tí a ń jẹ teegunteegun, wàrà, nọ́nọ̀ tí àwọn Fúlàní ń gbé kiri, àti ẹ̀fọ́ ló ní ohun tí eegun ń fẹ́. Kẹ́ ẹ sì jáde sínú oòrùn àárọ̀. Ẹni tó wà nínú yàrá látàárọ̀ ṣúlẹ̀ kò rí i gbà. Gààrí lásán fún oṣù mẹ́ta kò lè kọ́ itan padà.

Ti rọpárọsẹ̀ tí àbúrò wa béèrè fún bàbá rẹ̀, ìyẹn nílò ọjọ́ tirẹ̀. Èyí tí mo lè sọ lónìí ni pé kí wọ́n má dúró kí ara bàbá kọ́kọ́ "le" kí wọ́n tó pe físíò. Kí wọ́n bi dókítà tó ń wò ó lọ́la pé ìgbà wo ni kí wọ́n bẹ̀rẹ̀.

Fóìsì 6

Owó. Mo mọ̀ pé òun ni gbogbo wa ń rò.

Ohun tí mo rí nínú ẹgbẹ́ wa ni pé gbogbo owó àdáwó ń lọ sí iṣẹ́ abẹ àti POP. Nígbà tó bá kan físíò, àpò ti gbẹ, kò sì sẹ́ni tó lè tún pe ìpàdé. Mo ń bẹ alága àti akọ̀wé owó, kí a máa yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, a ó pè é ní owó ìrìn. Owó ọkọ̀ lọ sí físíò náà wà nínú rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ló ń dúró sílé nítorí owó ọkọ̀ nìkan. Ẹgbẹ́ tó ná owó lórí eegun, tí kò wá ná an lórí oríkèé, ó ra fóòmù, kò ra aṣọ àga.

Ẹ lè rí físíò ní National Hospital ní àárín ìlú, ẹ sì lè bèèrè ní ọ́síbítù ìjọba ní Asokoro, tó sún mọ́ wa. Ẹ bèèrè iye owó kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí agbára yín kò bá gbé wíwá lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, ẹ sọ ọ́ síta. Físíò tó mọṣẹ́ lè kọ́ yín ní èyí tí ẹ máa ṣe nílé, kẹ́ ẹ máa wá lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì kó lè yí i padà. Ẹ má tijú. Èyí tí kò dáa ni kẹ́ ẹ wá lẹ́ẹ̀mejì kẹ́ ẹ sì pòórá. Bí ẹnikẹ́ni bá sì pe ara rẹ̀ ní físíò tó ń wá wọ́ yín nílé, ẹ bèèrè láìsẹ́nsẹ̀ bóyá ó ní ìwé àṣẹ Medical Rehabilitation Therapists Board. Àwọn ni ìjọba fún láṣẹ láti forúkọ wa sílẹ̀. Ẹni tó ní in kò ní bínú. Òfin ìjókòó ìlera, NHIA, tí wọ́n ṣe ní ọdún 2022 sì ti sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ènìyàn láti ní ìṣúra ìlera. Ẹ jẹ́ ká bèèrè gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́, kí a bi wọ́n bóyá físíò wà nínú ohun tí wọ́n máa san.

Pípadà sí ọjà, ẹ má fò ó. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ jókòó ní ṣọ́ọ̀bù fún ìdajì ọjọ́, kí ọmọ iṣẹ́ máa ṣe ìyókù. Lẹ́yìn náà ẹ dúró, lẹ́yìn náà ẹ rìn yí ọjà ká, lẹ́yìn náà ẹ gbé nǹkan kékeré. Àga kúṣìn ẹlẹ́ni mẹ́ta kì í ṣe ẹrù ẹnì kan, yálà eegun ṣẹ́ tàbí kò ṣẹ́. Nígbà tí ẹ bá ń gbé nǹkan, ẹ fà á mọ́ àyà, ẹ tẹ orúnkún, kẹ́ ẹ sì fi ẹsẹ̀ yí padà, ẹ má fi ìbàdí yí nígbà tí ẹrù wà lọ́wọ́. Ìgbà wo wá ni ẹ lè gbé ẹrù bíi ti tẹ́lẹ̀? Bí ẹ bá lè fi ẹsẹ̀ tó ṣẹ́ nìkan dúró fún iye àkókò tí èyí tó le ń dúró, tí ẹ lè fi í nìkan gbé gìgísẹ̀ sókè iye ìgbà tí èkejì ń gbé e, tí dókítà sì ti wo x-ray tó gbẹ̀yìn, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti ìdajì ẹrù.

Ẹni tó bá ń lọ sí físíò fún ìgbà àkọ́kọ́, kó mú x-ray àtijọ́ àti tuntun dání pẹ̀lú ìwé tí ọ́síbítù fún un, kó sì wọ ṣòkòtò tó ṣe é ká sókè kọjá orúnkún. Àwọn màmá lè mú ìró kan dání. Àwọn tó bá fẹ́ kí n rí bí wọ́n ṣe ń rìn, ẹ ní kí ẹnì kan fi fóònù ya fídíò yín láti ẹ̀yìn àti láti ẹ̀gbẹ́, ìrìn mẹ́wàá péré, kẹ́ ẹ fi í ránṣẹ́ sí mi, kì í ṣe sínú gúrúùpù.